Ẹ Béèrè, A Dáhùn: Èsì Ìdánwò Ti Dé, Níbo Ni Máàkì Lọ?

Ọ̀rọ̀ ìparí ìdajì ọdún ẹ̀kọ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ girama Kátólíìkì la mú dáhùn lọ́tẹ̀ yìí: èsì, ẹ̀bùn, àti ìwé àyẹ̀wò ara ẹni tí wọ́n ń ní kí akẹ́kọ̀ọ́ kọ kí wọ́n tó gba ìsinmi.

Ẹ kú iṣẹ́ o. Tíṣà kíláàsì ni mí. Ní ìparí sáà, a máa ń ní kí àwọn ọmọ kọ ojú ìwé kan lórí bí wọ́n ṣe ṣe sí. Ohun kan náà ni gbogbo wọn ń kọ: "N óò tẹra mọ́ ìwé mi sí i." Kò sì sí ohun tó ń yí padà. Kí ni ká ṣe?

Ìbéèrè tí ẹ bi wọ́n ló fẹ̀ jù. Ẹni tí a bá bi pé "Báwo lo ṣe ṣe sí?" kò ní ohun tó lè sọ ju pé òun gbìyànjú, òun á sì tún ṣe dáadáa. Àkókò náà tún ń dá kún un. Bí wọ́n bá kọ ọ́ kí ìwé ìdánwò tó padà sọ́wọ́ wọn, ìbẹ̀rù ni wọ́n fi ń kọ ọ́. Ẹ jẹ́ kó di ọjọ́ tí ẹ dá ìwé padà, kí ìwé náà wà níwájú ọmọ, kí ẹ sì fún wọn ní ìṣẹ́jú 40 gbáko.

Kí wọ́n kọ́kọ́ ka máàkì tó sọnù. Ká ní ọmọ kan gba 54 nínú 100 nínú ìṣirò. 46 ló sọnù nìyẹn. Kí ó gba ìbéèrè kọ̀ọ̀kan yẹ̀ wò, kí ó sì kọ lẹ́tà kan sí ẹ̀gbẹ́ ibi tí máàkì ti lọ. A ni ohun tí kò mọ̀ rárá. B ni èyí tó mọ̀, àmọ́ tó ṣi ìbéèrè kà. D ni èyí tí àkókò kò jẹ́ kó dé. E ni àṣìṣe ọwọ́, bíi ká gbàgbé àmì ìyọkúrò tàbí ká kọ 36 dípò 63. Kí ó wá ro wọ́n pọ̀. Ó lè bá A 18, B 9, D 12, E 7. Àròpọ̀ gbọ́dọ̀ jẹ́ 46. Bí kò bá pé, ó fo ibì kan, kí ẹ sì bá a wá a, nítorí ibi tó ń dun ọmọ ni ojú rẹ̀ máa ń fò.

Ẹ wò ó: ọmọ tó ń sọ pé orí òun ò gba ìṣirò ti pàdánù máàkì 28 sórí ohun tí kì í ṣe àìmọ̀.

Oògùn wọn kì í ṣe ọ̀kan náà. Fún A, kí ó dárúkọ orí ẹ̀kọ́ náà gan-an. Kò gbọdọ̀ kọ "ìṣirò". "Bí a ṣe ń ro ìdá pọ̀ nígbà tí nọ́ńbà ìsàlẹ̀ wọn yàtọ̀" ni kí ó kọ. Fún B, kí ó máa fa ìlà sábẹ́ ọ̀rọ̀ tó ń pàṣẹ nínú ìbéèrè: ṣàlàyé, fi wéra, dárúkọ mẹ́ta. Fún D, kí ó pín àkókò fún máàkì. Bí ìdánwò bá jẹ́ ìṣẹ́jú 120 fún máàkì 100, kí ó yọ 10 sọ́tọ̀ fún àtúnyẹ̀wò. 110 tó kù jẹ́ ìṣẹ́jú kan ó lé díẹ̀ fún máàkì kan. Ìbéèrè tó ní máàkì 15 kò gbọdọ̀ gbà ju ìṣẹ́jú 16 lọ. Bí àkókò bá pé, kí ó fi àyè sílẹ̀, kí ó bọ́ sí òmíràn. Ìṣẹ́jú 10 tó yọ sọ́tọ̀ yẹn ni oògùn E: kí ó fi ìdáhùn rọ́pò x padà, kí ó fi ìròpọ̀ yẹ ìyọkúrò wò.

Ìgbà yìí ni ìlérí tó kàn, ẹyọ kan péré. Àwọn ọmọ a máa kọ méje, wọn ò sì ní mú ọ̀kan ṣẹ. Ìlérí gidi ní ọjọ́, wákàtí, ibi àti ìwọ̀n: "Lọ́jọ́ Ajé àti Ọjọ́bọ̀, láti aago 5 sí 5:40, ní láíbìrì, n óò ṣe ìbéèrè 6 lórí ìdá láì wo ìdáhùn." Ẹ gba ìwé náà pamọ́, kí ẹ sì dá a padà fún wọn ní ọ̀sẹ̀ kẹta sáà tuntun, kí wọ́n kọ ohun tó ṣẹ àti èyí tí kò ṣẹ sí i. Ilé-ẹ̀kọ́ tí kò bá lè ṣe ìgbésẹ̀ yìí, kí ó má wulẹ̀ fi ojú ìwé náà yọ àwọn ọmọ lẹ́nu.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fún àyẹ̀wò ara ẹni ní máàkì. Lọ́jọ́ tí ẹ bá fún un ní máàkì, ohun tí tíṣà fẹ́ gbọ́ ni wọ́n á máa kọ.

Ọmọbìnrin mi gba 78 nínú bàọ́lọ́jì ní sáà tó kọjá. Sáà yìí, ó kàwé ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ojú mi ló ṣe. 69 ló mú wálé. Bàbá rẹ̀ ní ọ̀lẹ ni. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni?

Ẹ kú ìtọ́jú ọmọ, Màmá. Kí ẹnikẹ́ni tó pe ọmọ yìí ní ọ̀lẹ, ẹ tú máàkì náà palẹ̀. Ní ọ̀pọ̀ ilé-ẹ̀kọ́, iṣẹ́ inú kíláàsì ní ìpín tirẹ̀, ìdánwò ìparí sì ní tirẹ̀. Ẹ béèrè bí tiyín ṣe pín in. Ká ní ìpín 40 nínú 100 ni ti kíláàsì, 60 ni ti ìdánwò. Bó bá gba 80 ní kíláàsì àti 77 nínú ìdánwò ní sáà àkọ́kọ́, 32 àti 46.2 ló máa já sí, àpapọ̀ 78.2. Bó bá gba 85 ní kíláàsì àti 58 nínú ìdánwò ní sáà kejì, 34 àti 34.8 ni, àpapọ̀ 68.8, tí wọ́n sọ di 69. Iṣẹ́ ojoojúmọ́ fi 5 gòkè, ìdánwò fi 19 já. Bí ti ọmọ yín bá rí báyìí, kì í ṣe ọ̀lẹ. Ọ̀nà tó ń gbà kàwé ni ká yẹ̀ wò.

Ẹ jókòó tì í lálẹ́ ọjọ́ kan. Ṣé ìwé wà ní ṣíṣí níwájú rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀ dé òpin? Ṣé ńṣe ló ń fi báírò àwọ̀ ìyeyè kun ìlà lẹ́yìn ìlà? Ojú rẹ̀ ti mọ ojú ìwé náà, ó sì ń rò pé òun ti mọ ohun tó wà nínú rẹ̀. Ní 2006, Roediger àti Karpicke, àwọn olùṣèwádìí nípa bí ènìyàn ṣe ń kọ́ nǹkan ní Amẹ́ríkà, gbé irú ọ̀rọ̀ yìí yẹ̀ wò. Wọ́n ní kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kan tún àyọkà kà, kí àwọn mìíràn pa á dé kí wọ́n sì kọ ohun tí wọ́n rántí. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú 5, àwọn tó tún un kà ló rántí jù. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, àwọn tó pa ìwé dé ló wá rántí jù. Ìdí nìyí tí ọmọ fi lè dá yín lóhùn geere lálẹ́, kí ó sì dákẹ́ nínú gbọ̀ngàn ìdánwò.

Kí ó ka ojú ìwé méjì tàbí mẹ́ta, kí ó pa ìwé dé, kí ó fi ìṣẹ́jú 10 kọ ohun tó rántí sórí bébà òfìfo. Bó bá jẹ́ bàọ́lọ́jì, kí ó ya àwòrán ọkàn, kí ó sì kọ orúkọ apá rẹ̀ sí i láì wòwé. Kí ó ṣí ìwé, kí ó fi báírò pupa tún ibi tó kùnà ṣe. Ibi tó pupa nìkan ni kí ó tún kà. Kí ó tún un ṣe lẹ́yìn ọjọ́ 1, ọjọ́ 3, ọjọ́ 7 àti ọjọ́ 21. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ ni kí ọmọ ṣe é ní ẹ̀ẹ̀mẹrin lálẹ́ ọjọ́ kan ṣoṣo; ìyẹn kò tó. Ó yẹ kí ó ti fẹ́ máa gbàgbé díẹ̀, kí ọpọlọ rẹ̀ lè ṣiṣẹ́ láti wá a jáde.

Ẹ lọ béèrè ìwé ìdánwò náà lọ́wọ́ tíṣà, kò sì yẹ kí ẹnikẹ́ni kà á sí ìjà. Òfin 796 nínú Ìwé Òfin Ìjọ Kátólíìkì sọ pé kí olùkọ́ bá òbí ṣiṣẹ́ pọ̀ tímọ́tímọ́, kí wọ́n sì fi tinútinú gbọ́ wọn.

Ẹ̀yin àgbà, ẹ kú iṣẹ́. Wọ́n ní ká kọ gbogbo ohun tí a ṣe tí kò dáa sínú ìwé àyẹ̀wò, Sista á sì kà á. Ṣé dandan ni kí n kọ ẹ̀ṣẹ̀ mi? Ọ̀rẹ́ mi kan kì í tilẹ̀ ṣe Kátólíìkì.

Rárá, ọmọ wa, kì í ṣe dandan. Àyẹ̀wò lórí ẹ̀kọ́ yàtọ̀ sí ìjẹ́wọ́. Ohun tí o bá sọ fún Fada níbi ìjẹ́wọ́ wà lábẹ́ èdìdì tí òfin 983 nínú Ìwé Òfin Ìjọ sọ pé kò gbọdọ̀ tú. Ìwé tí Sista kà kò ní èdìdì yẹn. Bí ó bá rí i níbẹ̀ pé ẹnì kan ń pa ọ́ lára, ó yẹ kó sọ fún ẹni tó lè gbà ọ́, ire rẹ sì nìyẹn. Ìjọ fúnra rẹ̀ ti ya ọ̀rọ̀ ẹ̀rí ọkàn sọ́tọ̀ kúrò lára àṣẹ ilé-ẹ̀kọ́: òfin 985 sọ pé ọ̀gá sẹ́mínárì tàbí ti ilé-ẹ̀kọ́ mìíràn kò gbọdọ̀ gbọ́ ìjẹ́wọ́ akẹ́kọ̀ọ́ tó ń bá a gbé nínú ilé kan náà, àfi bí akẹ́kọ̀ọ́ náà bá fúnra rẹ̀ béèrè. Òfin 220 sì dáàbò bo orúkọ rere àti àṣírí ẹnikẹ́ni. Kọ àṣà tó kan ẹ̀kọ́ rẹ: mo pẹ́ dé, n kò parí iṣẹ́ àṣetiléwá, mo wo ìwé ẹlòmíràn. Ìyókù, ìwọ àti Ọlọ́run ló ni ín.

Bí o bá fẹ́ ṣe ti ọkàn, àyẹ̀wò tí Ignatius ti Loyola, ẹni mímọ́ tó dá ẹgbẹ́ àwọn àlùfáà Jésúìtì sílẹ̀, fi sínú ìwé Ìdárayá Ẹ̀mí, tó jáde ní 1548, ní ìgbésẹ̀ márùn-ún. Dúpẹ́. Béèrè ìmọ́lẹ̀ láti rí ara rẹ. Gba ọjọ́ náà kọjá ní wákàtí kọ̀ọ̀kan. Tọrọ àforíjì. Pinnu ohun tí o máa yí padà. Kíyè sí i pé ọpẹ́ ló ṣáájú. Ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ń bẹ̀rẹ̀ láti orí àṣìṣe, á sì ti sú wọn kí wọ́n tó dé ìpinnu. Kọ ohun mẹ́ta tó lọ dáadáa ní sáà yìí ná, pẹ̀lú orúkọ ẹni tó ràn ọ́ lọ́wọ́.

Ní ti ọ̀rẹ́ rẹ, òfin 748 sọ pé a kò gbọdọ̀ fipá mú ẹnikẹ́ni gba ẹ̀sìn Kátólíìkì lòdì sí ẹ̀rí ọkàn rẹ̀. Kí ó dúpẹ́ bí wọ́n ṣe ń dúpẹ́ nílé wọn, kí ó yẹ iṣẹ́ rẹ̀ wò, kí ó sì ṣe ìpinnu.

Pírínsípà ni mí. Ọmọ mẹ́ta kan náà ló ń kó gbogbo ẹ̀bùn. A fẹ́ fi ẹ̀bùn ìtẹ̀síwájú kún un. Báwo la ṣe máa ṣírò rẹ̀ kó má di ojúsàájú?

Ẹ má kàn fi máàkì tuntun yọ ti àtijọ́. Ọmọ tó kúrò ní 40 dé 55 fi 15 gòkè; èyí tó kúrò ní 90 dé 95 fi 5 péré gòkè, bẹ́ẹ̀ ìdajì gbogbo ohun tó kù fún un ló gbà, nígbà tí èkíní gba ìdámẹ́rin. Ẹ pín wọn sí ìsọ̀rí níbi tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀: ìsàlẹ̀ 50, láti 50 dé 69, láti 70 sókè, kí ìsọ̀rí kọ̀ọ̀kan ní ẹ̀bùn tirẹ̀. Kí máàkì ìbẹ̀rẹ̀ sì jẹ́ ìdajì àpapọ̀ sáà méjì. Ọmọ tó máa ń gba 70, tí àìsàn mú un gba 45 lẹ́ẹ̀kan, tó sì padà sí 70, kò tẹ̀ síwájú. Ara rẹ̀ ló yá. Ẹ kéde òfin náà níbẹ̀rẹ̀ sáà.

Òfin 795 fẹ́ kí ara, ìwà àti ọgbọ́n ọmọ dàgbà pọ̀, nítorí náà ẹ̀bùn ìwà àti ti ìrànlọ́wọ́ fún ẹlòmíràn tọ́. Àmọ́ kí ó ní ẹ̀rí lákọsílẹ̀: iye ìgbà tó wá, ẹni tó kọ́ lẹ́kọ̀ọ́, iṣẹ́ tó parí. Ẹ má sọ ọ́ di ẹ̀bùn ọmọ tó dákẹ́ jù. Ẹ má sì ka ipò ìkẹyìn sókè nínú gbọ̀ngàn láéláé.

Ṣé àdúrà sí ẹni mímọ́ lè mú kí n yege?

Gbàdúrà, kí o sì ṣí ìwé. Ẹni mímọ́ Joseph ti Cupertino (1603–1663) ni àwọn tó ń ṣe ìdánwò máa ń ké pè. Póòpù Leo Kẹtàlá sì fi ẹni mímọ́ Thomas Aquinas, ọ̀mọ̀wé nípa ẹ̀kọ́ ìsìn, ṣe alábòójútó àwọn ilé-ẹ̀kọ́ Kátólíìkì ní 1880. Aquinas yìí dákẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi ń pè é ní màlúù tó yadi. Àwọn tíṣà tó ń fi ìdákẹ́jẹ́ wọn ọgbọ́n ọmọ, kí wọ́n rántí ìyẹn.

Ìlérí mi kì í pẹ́ ọ̀sẹ̀ méjì. Fóònù ló ń bà á jẹ́. Ẹ gbà mí.

Ignatius kan náà ní ọ̀nà kan tó ṣe é fojú rí. Mú àṣà ẹyọ kan ṣoṣo, bíi gbígbé fóònù nígbà ìwé kíkà. Fa ìlà méjì fún ọjọ́ kọ̀ọ̀kan, ọ̀kan láti àárọ̀ dé ọ̀sán, èkejì láti ọ̀sán dé alẹ́. Nígbàkígbà tí o bá gbé e, fi tóótó kan (àmì roboto kékeré) sórí ìlà, má sì bú ara rẹ. Lálẹ́, fi ìlà kejì wé èkíní. Lọ́jọ́ kejì, fi wé ti àná. Ní ìparí ọ̀sẹ̀, fi ọ̀sẹ̀ wé ọ̀sẹ̀.

Má retí òdo ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́. Bó bá jẹ́ 9 lọ́jọ́ Ajé, tó di 6 lọ́jọ́ Ẹtì, o ti ń ṣẹ́gun. Bí iye náà kò bá dín, kọ wákàtí sí ẹ̀gbẹ́ tóótó kọ̀ọ̀kan fún ọjọ́ mẹ́ta. Ó ṣeé ṣe kí wọ́n kóra jọ sí àárín aago 7 sí 8 alẹ́. Nígbà náà, kí aago 7 tó lù, gbé fóònù fún Màmá tàbí ẹ̀gbọ́n rẹ nínú yàrá mìíràn. Yíyí i dojú dé lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìwé kò tó. Ọwọ́ rẹ á dé ibẹ̀. Bó bá ti wà ní òdo tàbí 1 fún ọ̀sẹ̀ méjì, ṣí ojú ìwé tuntun, kí o mú àṣà kejì.