Báwo ni òórùn tíì ṣe máa jáde dáadáa nínú shortbread tí mo bá yan nílé?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, àǹtí. Mo fẹ́ yan shortbread, bisikíìtì oníbọ́tà yẹn, èyí tó ní òórùn tíì, fáwọn ọmọ mi, mo wá se tíì dúdú tó ki dáadáa, mo dà á sínú fúláwà àti bọ́tà, mo pò ó. Ó le gan-an, òórùn tíì ò sì jáde. Ìgbà tí mo tún fi ewé tíì gangan sí i, ṣe ló tẹ́ pẹrẹsẹ sórí tíréè. Kí ni kí n ṣe?

Ìdáhùn: Ẹ kú iṣẹ́ ọmọ o, màmá wa. Omi tẹ́ ẹ dà sí i yẹn ló fa líle ẹ̀. Shortbread ò fẹ́ omi, kò fẹ́ ẹyin, kò fẹ́ mílíìkì. Bọ́tà, ṣúgà, fúláwà àti iyọ̀ ṣín-ún ló ń gbà, ó tán. Tómi bá ti kan fúláwà tẹ́ ẹ wá ń pò ó, àwọn purotéènì inú ẹ̀ á so mọ́ra wọn, wọ́n á di gluten, òun ló ń jẹ́ kí búrẹ́dì máa fà, àmọ́ ohun tá a fẹ́ níbí ni kó máa rún wómúwómú lẹ́nu.

Ní ti òórùn, inú bọ́tà ni kẹ́ ẹ ti wá a. Púpọ̀ nínú ohun tó ń mú tíì ta sánsán ló máa ń yọ́ sínú ọ̀rá, bọ́tà yìí ló máa gbé e dé ẹnu. Ìdí nìyẹn témi fi máa ń ní káwọn tó ń bẹ̀rẹ̀ lo Earl Grey, irú tíì dúdú kan, torí òróró èèpo bergamot, ọsàn kan báyìí, ló wà lára ẹ̀, òórùn ẹ̀ sì máa ń hàn dáadáa. Tíì dúdú lásán náà dáa tó bá ti le. Chamomile, tíì olódòdó, ò fi bẹ́ẹ̀ hàn, àwọ̀ matcha, tíì aláwọ̀ ewé tí wọ́n lọ̀ kúnná, ní tiẹ̀ máa ń ṣá tí iná bá pọ̀.

Ìwọ̀n ẹ̀ rọrùn: ṣúgà 100 gíráàmù, bọ́tà 200, fúláwà 300. Tíì báàgì mẹ́rin tó fún un. Ẹ já a, ẹ da ewé gbígbẹ inú ẹ̀ àti ṣúgà yẹn pọ̀ sínú bùléńdà, ẹ lọ̀ ọ́ kó kúnná, ẹ má fo ibí yìí o, torí ewé tí ò bá kúnná á máa há séyín bíi yanrìn. Ẹ má lo ewé tẹ́ ẹ ti fi se tíì mu tẹ́lẹ̀ o, òórùn ẹ̀ ti bómi lọ. Àwọn kan máa ń yọ́ bọ́tà, wọ́n á rẹ ewé sínú ẹ̀, wọ́n á sẹ́ ẹ, wọ́n á jẹ́ kó tún dì kí wọ́n tó lò ó. Ó dáa, àmọ́ ewé máa ń mu lára bọ́tà, ẹ ní láti tún un wọ̀n, èmi fẹ́ràn lílọ̀ yẹn jù.

Èyí tó wá tẹ́ yẹn, kì í ṣe ẹjọ́ ewé tíì, bọ́tà ló ti rọ̀ jù. Kó rọ̀ débi tí ìka á fi wọ̀ ọ́ ló yẹ, kó má tíì máa dán bí òróró. Ẹ pò ó mọ́ ṣúgà títí tó fi dọ́gba, ẹ má lù ú títí táá fi fúyẹ́ bíi ti kéèkì, torí atẹ́gùn tó bá wọ̀ ọ́ á mú un wú, á sì tún wó. Ẹ wá da fúláwà àti iyọ̀ sí i, tó bá ti lẹ̀ mọ́ra kẹ́ ẹ dáwọ́ dúró. Ẹ yí i kó gùn bí ọ̀pá kúkúrú, ẹ fi náílọ́nù wé e, ó di inú fíríìjì fún wákàtí kan ó kéré tán. Mo mọ̀ pé ibẹ̀ ló ń súni, àmọ́ bọ́tà tó bá tutù dáadáa ò ní tètè yọ́, fúláwà á ti gan kó tó yọ́ tán.

Ẹ gé e ní nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà kan, ẹ fàyè sáàárín wọn, kẹ́ ẹ yan án ní 160°C fún ìṣẹ́jú 18 sí 20. Etí ẹ̀ ni kẹ́ ẹ máa wò, tó bá ti ń pọ́n díẹ̀díẹ̀ kẹ́ ẹ gbé e jáde, ẹ má dúró de àárín. Ó máa rọ̀ lọ́wọ́ yín, ẹ má dá a padà sínú iná, ẹ fi sílẹ̀ lórí tíréè fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, á gan fúnra ẹ̀.

Tẹ́ ẹ bá rò pé majarín lè rọ́pò bọ́tà, á jinná lóòótọ́, àmọ́ adùn ẹ̀ ò ní tó. Èyí tẹ́ ẹ ò bá yan tán, ẹ jù ú sí fíríísà bó ṣe wà nínú náílọ́nù ẹ̀, ó lè lo oṣù méjì níbẹ̀, ẹ kàn jẹ́ kó rọ̀ díẹ̀ kọ́bẹ tó kàn án kó má baà máa fọ́.