Kí ló dá aáwọ̀ sílẹ̀ láàárín onílùú àtàwọn tó wá ṣiṣẹ́ epo ní Williston, North Dakota?

Owó ilé ni olórí rẹ̀. Nígbà ìkànìyàn ọdún 2010, Williston ò ju nǹkan bí 14,700 ènìyàn lọ. Ní 2020, wọ́n ti lé ní 29,000. Epo rọ̀bì tí wọ́n ń wà ní Bakken, ìyẹn ilẹ̀ epo tó wà lágbègbè náà, ló fà wọ́n wá, nítorí iṣẹ́ wọ́n jákèjádò Amẹ́ríkà lẹ́yìn tí ọrọ̀ ajé dẹnu kọlẹ̀ ní 2008. Ilé ò tó rárá. Owó ilé wá lé sókè débi pé àwọn àgbàlagbà tó ń fi owó ìfẹ̀yìntì jẹun ń kó ẹrù jáde nínú ilé tí wọ́n ti gbé pẹ́. Ó dùn mí fún wọn.

Àmọ́ ó dùn mí fáwọn àlejò náà: inú ọkọ̀ ni wọ́n ń sùn ní ibi ìgbọ́kọ̀sí ilé ìtajà ńlá Walmart, nínú òtútù tó ń pa ènìyàn. Ìjọ Luther kan gbà wọ́n sílé. Àwọn aládùúgbò fárígá, ẹ̀rù ìwà ọ̀daràn ń bà wọ́n.

Owó epo já wálẹ̀ ní 2014. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, ìgbìmọ̀ ìlú dìbò pé kí wọ́n ti àwọn àgọ́ tí àwọn òṣìṣẹ́ epo ń gbé pa, torí àwọn òtẹ́ẹ̀lì àti ilé tuntun ti ń ṣófo.