Irin ò kọlà, ara ò sì lè kọ̀ ọ́: ẹ gbé màmá lọ sí ọsibítù

ÌBÉÈRÈ: Dókítà, ẹ kú iṣẹ́ o. Màmá mi, ẹni ọdún 68, wọ́n pààrọ̀ oríkèé ìbàdí ọ̀tún fún wọn ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn. Láti bí ọjọ́ mẹ́rin ni ẹsẹ̀ ọ̀tún yẹn ti ń wú, ẹ̀yìn ojúgun sì ń dùn wọ́n. Láàárọ̀ àná, ètè wọn tún wú bíi pé oyin ta wọ́n, ọ̀sán ló tó wálẹ̀. Lisinopril ni wọ́n ń lò fún ẹ̀jẹ̀ ríru. Bàbá alágbo kan ládùúgbò wa ní ara wọn ló ń kọ irin náà, pé àwọn dókítà ò yẹ̀ ẹ́ wò bóyá irin bá ẹ̀jẹ̀ wọn mu, ká wá ra àgbo ìfọ̀jẹ̀ ìgò mẹ́ta. Ṣé ká rà á ni, àbí ká ní kí wọ́n lọ yọ irin náà?

ÌDÁHÙN: Ẹ má ra nǹkan kan o. Ẹ gbé màmá lọ sí ọsibítù lónìí, ẹ lè máa ka ìyókù lọ́nà.

Ẹsẹ̀ kan ṣoṣo tó ń wú, tí ẹ̀yìn ojúgun ń dùn, lọ́sẹ̀ kẹta lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ ìbàdí, ohun tó kọ́kọ́ ń bà mí lẹ́rù níbẹ̀ ni ẹ̀jẹ̀ tó dì sínú iṣan ẹ̀jẹ̀ ẹsẹ̀. Ó lè má jẹ́ bẹ́ẹ̀, torí ẹsẹ̀ tí wọ́n bá ṣiṣẹ́ abẹ fún sábà máa ń wú fún ìgbà díẹ̀, àmọ́ èmi ò lè fojú rí i láti ibi tí mo jókòó, ẹ̀yin náà ò lè rí i, scan ló lè sọ. Tí ẹ̀jẹ̀ dídì yẹn bá fi lè já, ẹ̀dọ̀fóró ló ń lọ, ó sì lè pààyàn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi òrí tàbí róòbù wọ́ ẹsẹ̀ yẹn. Tí wọn ò bá lè mí dáadáa tàbí tí àyà ń dùn wọ́n, ẹ má dúró kí ilẹ̀ mọ́.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ "ara ń kọ irin", ọ̀rọ̀ tó ti sú mi. Lóṣù yìí nìkan, ẹ̀yin lẹ kẹrin tó máa bi mí.

Kíndìnrín tí wọ́n gbà lára ẹlòmíì, ìyẹn ni ara lè kọ̀, torí sẹ́ẹ̀lì onísẹ́ẹ̀lì ló kún inú ẹ̀, gbogbo sẹ́ẹ̀lì yẹn ló sì ń gbé àmì olówó ẹ̀ kiri bí ilà ojú. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń wo blood group àti àwọn àmì míì kí wọ́n tó gbé e sí èèyàn lára. Irin ò kọlà. Titanium, cobalt-chromium, rọ́bà líle tó wà láàárín wọn, kò sí sẹ́ẹ̀lì kankan nínú wọn, wọn ò sì ní blood group. Kí ni dókítà fẹ́ bá ẹ̀jẹ̀ dọ́gba? Kódà Brånemark, ará Sweden tó fi titanium sínú eegun ehoro láwọn ọdún 1950, nígbà tó fẹ́ yọ irin náà padà kò yọ mọ́, eegun ti dì í mú. Lára ìyẹn ni wọ́n ti rí bí wọ́n ṣe ń rì eyín sínú eegun àgbọ̀n lónìí. Ṣé ohun tí ara ń kọ̀ nìyẹn? (Àwọn kan wà tí nickel ń yọ lẹ́nu lóòótọ́, irú àwọn tí bọ́tìnnì ṣòkòtò jíǹsì máa ń mú ikùn wọn yún. Ẹ sọ fún dókítà tẹ́ ẹ bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, àmọ́ ìyẹn kọ́ là ń sọ.)

Mi ò sọ pé ara ò mọ̀ pé àlejò wọlé o. Ó mọ̀, kíákíá sì ni. Kí dókítà tó fọwọ́ kúrò lára irin náà ni purotéènì inú ẹ̀jẹ̀ ti bò ó. Nínú àwọn purotéènì yẹn la ti rí agbo ọdẹ kan tí à ń pè ní complement, wọ́n lé ní 30, ẹ̀dọ̀ ló ń ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú wọn. Ọ̀gá wọn ni C3. C3 yìí kì í dúró kí ẹnì kan pè é, tọ̀sán-tòru ló ń já díẹ̀díẹ̀ fúnra ẹ̀ nínú ẹ̀jẹ̀, ohun tó bá sún mọ́ ọn ló ń lẹ̀ mọ́, ẹran ara ni o, irin ni o. Sẹ́ẹ̀lì tiwa ní ohun tó fi ń já a dànù, irin ò ní. Nítorí ẹ̀ ni C3 fi máa ń pọ̀ sí i lójú irin, á máa já ègé kékeré kan, C3a, sílẹ̀, á sì mú kí ẹgbẹ́ ẹ̀, C5, já C5a sílẹ̀, àwọn ègé yìí ni fèrè tí ọdẹ ń fọn, tí sẹ́ẹ̀lì funfun inú ẹ̀jẹ̀, ọmọ ogun ara, bá ti gbọ́ ọ wọ́n á rọ́ dé.

Ẹ̀ka kejì àwọn ọdẹ yìí ni ti kinin, ìyẹn àwọn èròjà inú ẹ̀jẹ̀ tó ń mú kí ibi kan wú kó sì dùn, ojú lásán lẹ lè fi rí ìbẹ̀rẹ̀ ẹ̀. Tí wọ́n bá fà yín lẹ́jẹ̀ sínú ìgò gíláàsì, á dì láàárín bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Tó bá jẹ́ ike ni, á pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń ta ìyẹ̀fun silica, ẹbí gíláàsì, sínú ike onídèrí pupa tẹ́ ẹ máa ń rí ní láàbù. Ohun tó ń mọ gíláàsì yẹn lára nínú ẹ̀jẹ̀ ni à ń pè ní factor XII. Tó bá ti fara kan irú ojú bẹ́ẹ̀ á jí, á jí kallikrein, kallikrein á gé purotéènì kan tó ń jẹ́ kininogen, bradykinin á já bọ́ láti ibẹ̀. Bradykinin ló ń mú kí iṣan ẹ̀jẹ̀ fẹ̀, kó máa jo omi, kí ibẹ̀ wú, kó sì dùn. Apá kan nínú wíwú àti ìrora ọjọ́ àkọ́kọ́ lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ nìyẹn, àmọ́ ọ̀bẹ tí wọ́n fi la ẹran náà dá kún un dáadáa.

Ọkùnrin kan tó ń jẹ́ John Hageman, òṣìṣẹ́ rélùwéè ní Amẹ́ríkà, ẹ̀jẹ̀ ẹ̀ ò dì bó ṣe yẹ nínú ìgò, bẹ́ẹ̀ kì í ṣẹ̀jẹ̀ lódì tó bá fara gbọgbẹ́. Dókítà kan tó ń jẹ́ Ratnoff, ní ìlú Cleveland, ló kọ nípa ẹ̀ ní 1955, àṣé factor XII yẹn ni kò ní. Èèyàn á rò pé ẹ̀jẹ̀ dídì ò lè pa irú ẹni bẹ́ẹ̀. Ní 1968 ó ṣubú, eegun ìbàdí ẹ̀ fọ́, ẹ̀jẹ̀ tó dì tó lọ ha sí ẹ̀dọ̀fóró ló pa á. Ṣé ẹ ti rí ìdí tí mo fi ń le yín lọ sí ọsibítù? Ká dùbúlẹ̀ síbi kan ṣáá, ká má rìn, kí iṣan ìbàdí ti fara gbọgbẹ́, ìyẹn nìkan ti tó.

Àgbo ìfọ̀jẹ̀ wá ńkọ́. Ibi tí wọ́n ti ń fọ ẹ̀jẹ̀ lóòótọ́ ni ẹ̀rọ dialysis, ti àwọn tí kíndìnrín wọn ò ṣiṣẹ́ mọ́, ibẹ̀ gan-an la sì ti kọ́ púpọ̀ nínú ohun tí mo ń sọ yìí. Láyé ìgbà tí wọ́n ń lo asẹ́ tí wọ́n fi òwú ṣe, Cuprophan, wọ́n rí i pé kí ìṣẹ́jú 15 tó pé lórí ẹ̀rọ, sẹ́ẹ̀lì funfun inú ẹ̀jẹ̀ aláìsàn á ti wálẹ̀ wọ̀ọ̀. Ìwádìí tó jáde ní 1977 ló fi hàn pé complement ló fọn fèrè, tí gbogbo wọn sá lọ ha sínú ẹ̀dọ̀fóró. Kó tó pẹ́ wọ́n á padà síta, aláìsàn á sì tún padà wá gun ẹ̀rọ lọ́jọ́ tó kàn. Ariwo nìyẹn, kì í ṣe kíkọ̀. Ti irin náà rí bẹ́ẹ̀, ariwo á rọlẹ̀, ara á fi ẹran tàbí eegun yí irin ká, ó parí. Tí wàhálà bá wá dé lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún, kòkòrò àrùn ni, tàbí rọ́bà tó ti jẹ.

Ètè tó wú, irin ìbàdí kọ́. Lisinopril ni mo fura sí. Ní Brazil, lápá ìparí àwọn ọdún 1940, Rocha e Silva àtàwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ ló rí bradykinin nígbà tí wọ́n ń ṣèwádìí oró ejò jararaca, paramọ́lẹ̀ ọ̀hún. Láti inú oró ejò yẹn náà ni wọ́n ti rí ọ̀nà ṣe captopril, ẹ̀gbọ́n lisinopril. Ẹ́ńsáìmù tó ń jẹ́ ACE ló ń ba bradykinin jẹ́ nínú ara, òun náà ni gbogbo oògùn tó parí sí "pril" ń dí lọ́wọ́. Bradykinin á wá pọ̀ jọ: nínú àwọn kan, ikọ́ gbígbẹ ló ń fà, nínú àwọn díẹ̀ ètè tàbí ahọ́n á wú, ó sì máa ń ṣe àwa aláwọ̀ dúdú ju àwọn òyìnbó lọ. Ó lè ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn ọdún mélòó kan téèyàn ti ń lò ó láìsí nǹkan kan. Ní nǹkan bí 1990, asẹ́ dialysis kan, AN69, tó máa ń jí factor XII gan-an, nígbà tí wọ́n lò ó fún àwọn tó ń gbé "pril" mì, bradykinin pọ̀ jọ lára wọn, àwọn míì sì dákú láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀.

Nítorí náà kí màmá má gbé lisinopril mì mọ́ títí dókítà á fi rí wọn lónìí, oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru míì wà tí kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Tí ahọ́n bá wú tàbí tí ohùn yí padà, emergency ni. Ẹ̀yin tó ń lo "pril" tí nǹkan kan ò ṣe, ẹ má torí ohun tí mo kọ yìí dá oògùn dúró o, BP tó ga á bá yín fínra ju ètè lọ.

Ẹ kó gbogbo sáṣẹ́ẹ̀tì oògùn màmá dání, pàápàá tí wọ́n bá fún wọn ní èyí tó ń ṣọ́ ẹ̀jẹ̀ kó má dì. Kí ẹ sì sọ òótọ́ fún dókítà tí wọ́n bá ti tọ́ àgbo yẹn wò, ṣíbí kan péré náà, torí a ò mọ ohun tó wà nínú ìgò náà àti ohun tó lè bá oògùn ẹ̀jẹ̀ ṣe. Tí àbájáde scan bá jáde, ẹ kọ ọ́ ránṣẹ́ sí mi.