Ṣé dandan ni kí n há gbogbo sikéèlì gìtá béèsì sórí?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, sà. Oṣù mẹ́rin ni mo ti ń kọ́ gìtá béèsì ní ìjọ wa ní Òkè-Fìà, Òṣogbo. Mo ti há sikéèlì C (ìtòlẹ́sẹẹsẹ ohùn láti dò dé dò òkè) sórí, ṣùgbọ́n bí olórin bá gbé orin sí kíì mìíràn, ìyẹn bí dò orin bá bọ́ sí ohùn mìíràn, ọwọ́ mi a dàrú. Ṣé kí n há méjèèjìlá sórí ni?

Ìdáhùn: Ẹ má há wọn sórí. Ibi tí ìka ń dúró sí ni ẹ mọ̀, ẹ kò tíì mọ ìrìn sikéèlì náà. Ohùn okùn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, E, A, D àti G, bẹ̀rẹ̀ láti orí èyí tó nípọn jù, fi frẹ́ẹ̀tì (àyè tí àwọn irin tẹ́ẹ́rẹ́ pín sí ọrùn gìtá) márùn-ún márùn-ún ga ju ara wọn lọ. Nítorí náà, ìrìn sikéèlì kan kò ní yí padà níbikíbi tí ẹ bá gbé e lọ. Oníkíbọ́ọ̀dù kò ní irú àǹfààní yìí.

Ẹ fi ìka àárín tẹ frẹ́ẹ̀tì 3 lórí okùn A, dò nìyẹn; kí ọmọńdinrín tẹ 5 fún re. Lórí okùn D, ìka ìlábẹ̀ yóò tẹ 2 fún mi, ìka àárín 3 fún fa, ọmọńdinrín 5 fún so. Lórí okùn G, ìka ìlábẹ̀ yóò tẹ 2 fún la, ìka òrùka 4 fún ti, ọmọńdinrín 5 fún dò òkè. C nìyẹn. Bí ẹ bá fi ìka àárín bẹ̀rẹ̀ láti frẹ́ẹ̀tì 5 okùn A, tí ẹ sì rin ìrìn kan náà, D ló dà. Láti frẹ́ẹ̀tì 3 okùn E, G ni. Kí dò yín ṣáà má wà nísàlẹ̀ frẹ́ẹ̀tì 2, torí pé ìka ìlábẹ̀ nílò àyè kan lẹ́yìn rẹ̀.

Ẹ máa fi ẹnu kọ ọ́ bí ẹ ti ń tẹ̀ ẹ́ (dò-re-mi àwọn akọrin ni mo ń wí o, kì í ṣe ti àmì ohùn tí wọ́n kọ́ wa níléèwé). Ẹ fi mẹ́tírónóòmù (ohun tó ń ka ìlù) inú fóònù sí 60 ní ìṣẹ́jú kan, ẹ má sì sáré; eré àsáré ló ń ba ọwọ́ ọ̀pọ̀ àwọn tí mò ń kọ́ níhìn-ín jẹ́. Bí kò bá sí iná, ẹ gbé àgbọ̀n lé igi gìtá náà, ẹ ó gbọ́ ohùn rẹ̀ ketekete.

Nínú orin ìyìn, dò, fa àti so ni béèsì sábà máa ń dúró lé. Fa wà ní frẹ́ẹ̀tì kan náà pẹ̀lú dò lórí okùn tó tín-ín-rín jù ú lọ, so wà ní frẹ́ẹ̀tì méjì síwájú fa. So ìsàlẹ̀ wà ní frẹ́ẹ̀tì dò gan-an lórí okùn tó nípọn jù ú lọ. Bí olórin bá ti gbé orin, dò nìkan ni kí ẹ wá. Bí ẹ kò bá tíì rí i, ẹ dákẹ́ fún ìlà kan, kí ìlù máa lọ, torí pé béèsì tó ṣì ohùn ń da akọrin rú ju èyí tó dákẹ́ lọ.