Àwọn ọdẹ awọ Amẹ́ríkà: ta ló fi ọ̀nà hàn wọ́n?

ÌBÉÈRÈ: Bàbá Olùkọ́, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọmọbìnrin mi tó wà ní JSS 3 níbí ní Kúbwá, Àbújá, gbé iṣẹ́ àṣetiléwá wálé pé àwọn ọdẹ tó ń dẹ tàkúté nítorí awọ ẹran ló tẹ ìwọ̀-oòrùn Amẹ́ríkà dó. Ṣé òótọ́ ni? – Ìyá Ìbejì

ÌDÁHÙN: Ìyá Ìbejì, ẹ kú ìtọ́jú ọmọ. Ọdẹ tó tẹ ìlú dó kò ṣàjèjì sí wa. Ọdẹ ni Ṣọ̀ún Ògúnlọlá tó tẹ Ògbómọ̀ṣọ́ dó. Ṣùgbọ́n Ògúnlọlá jókòó ti ibi tó dé. Àwọn ti Amẹ́ríkà yìí kò jókòó. Bí ẹran bá ti tán nínú odò kan, wọ́n á kó tàkúté wọn, ó di odò mìíràn.

Beaver ni ẹran náà ń jẹ́. Ẹ fojú inú wo òyà, kó tóbi ju òyà lọ dáadáa, kó ní ìrù pẹrẹsẹ, kó máa feyín gé igi láti fi sé odò. Irun abẹ́ rẹ̀ tó rọ̀ bí òwú ni wọ́n ń lù pọ̀ ní Yúróòpù láti fi ṣe àkẹtẹ̀ olówó ńlá. Ọdẹ á wọ inú omi tútù nini, á ri tàkúté onírin sísàlẹ̀, á wá fi oje ara beaver mìíràn pa igi lórí. Òórùn yẹn ni ẹran ń tọ̀ wá. Sábóńgàrí ní Kánò ni mo dàgbà sí, bàbá mi a sì máa ra awọ ewúrẹ́. Nígbà tí mo kà pé àwọn ọdẹ yìí ń ká igi róbótó, tí wọ́n ń na awọ sínú rẹ̀, tí wọ́n ń họ ọ̀rá rẹ̀ kúrò, àfi bíi pé mo wà ní àgbàlá wa.

Ní 1822, William Ashley, oníṣòwò awọ, polówó nínú ìwé ìròyìn ní St. Louis pé òun ń wá ọ̀dọ́mọkùnrin 100 tí yóò gòkè odò Missouri. Jedediah Smith wà lára àwọn tó bá a lọ. Ní 1824, ẹgbẹ́ Smith gba South Pass kọjá, àlàfo gbalasa láàárín àwọn òkè Rocky. Ẹ jọ̀ọ́, kí ọmọ yín má kọ ọ́ pé wọ́n ṣàwárí rẹ̀. Àwọn Crow, onílẹ̀, ló júwe ọ̀nà fún wọn. Àwọn obìnrin onílẹ̀ tí ọ̀pọ̀ ọdẹ fi ṣaya ló sì ń tọ́jú awọ, tí wọ́n ń ṣe ògbufọ̀.

Kó tún kọ orúkọ James Beckwourth sílẹ̀ gàdàgbà. Ẹrú ni wọ́n bí i ní Virginia, aláwọ̀ dúdú bíi tiwa. Ó di ọdẹ awọ, ọ̀nà kan ní òkè Sierra Nevada sì ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ títí dòní.

Nígbà tó fi máa di 1840, beaver ti wọ́n, àkẹtẹ̀ ṣẹ́dà sì ti gbòde. Àwọn ọdẹ wá di afinimọ̀nà. Ní 1841, Thomas Fitzpatrick ṣáájú àwọn tó ń fi kẹ̀kẹ́ ẹrù kó lọ sí ìwọ̀-oòrùn. Àwọn wọ̀nyẹn ló lọ tẹ̀dó.

Àmọ́ ilé ti wà lójú ọ̀nà náà tẹ́lẹ̀. Ní 1837, ọkọ̀ ojú omi àwọn oníṣòwò awọ gbé Olóde (smallpox), àrùn tí àwọn bàbá wa kì í pè lórúkọ, gòkè odò Missouri. Díẹ̀ ló kù kó pa àwọn Mandan, onílẹ̀ bíi ti àwọn Crow, run pátá. Kí ọmọ yín kọ ìyẹn náà, bí olùkọ́ rẹ̀ kò tilẹ̀ béèrè.