Ibi tí owó VAT ń wọlẹ̀ sí
Ẹ̀gbọ́n, ẹ ní kí ló dé tí VAT, owó orí tí à ń san lórí ọjà, fi kúrò ní 5% bọ́ sí 7.5% ní 2020, tí ìjọba ṣì ń ké pé kò sówó. Ẹ wo ọ̀dọ̀ tiwa níbí. Títí di 1976, Ìpínlẹ̀ Ìwọ̀-Oòrùn kan ṣoṣo ni. Lónìí, ó ti di Ọ̀yọ́, Ògùn, Oǹdó, Ọ̀ṣun àti Èkìtì: gómìnà márùn-ún, igbákejì márùn-ún, ilé aṣòfin márùn-ún, ká má tí ì ka àwọn ọkọ̀ onísáírẹ́ẹ̀nì tó ń lé wa bọ́ sínú gọ́tà. Àbújá ńkọ́? Láti 2012 ni ìgbìmọ̀ Oronsaye, tí ìjọba àpapọ̀ gbé kalẹ̀, ti ní kí wọ́n pa àwọn àjọ ìjọba kan pọ̀ kí ìnáwó lè dínkù. Oṣù kejì 2024 ni ìjọba tó ní àwọn á ṣe é. Nígbà tó fi máa di oṣù keje, wọ́n tún ti dá iléeṣẹ́ mínísítà tuntun sílẹ̀ fún ẹran ọ̀sìn!