Èsì: Báwo ni ìtàn àròsọ ṣe ń wọ inú àwòrán?

Ẹ béèrè bí ìtàn àròsọ tí kò ní ìbẹ̀rẹ̀ tàbí òpin pàtó ṣe lè wọ inú iṣẹ́ ayàwòrán òde òní. Lójú tèmi, kì í ṣe ohun tó kà ló ń yà. Ọgbọ́n ìsọ̀tàn náà ló ń yá lò. Ẹ wo Lynette Yiadom-Boakye, ọmọ London tó ń yàwòrán, tó sì tún ń kọ ìtàn. Àwọn èèyàn inú àwòrán rẹ̀ kò sí láyé, àfinúrò ni wọ́n. Kì í sábà wọ bàtà fún wọn, kí a má baà fi bàtà mọ ìgbà ayé wọn. Àkọlé ńkọ́? Kì í túmọ̀ àwòrán rárá. Ṣe ló tún ń dá kún àdììtú (èyí ni mo fẹ́ràn jù).